Àkọsílẹ̀ kẹfà lórí ìrìn Mòrókò: Jímọ̀ Fes ti wọlé, Midelt ti jáde

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, iná ò sí, píìnì ti gún mi lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú òkùnkùn, síbẹ̀ ẹ̀rín ni mò ń rín. Ẹ̀yin tí ẹ ka àkọsílẹ̀ karùn-ún á rántí pé ìbínú ni mo fi parí rẹ̀, tí mo ká máàpù Mòrókò tí mo ń fi píìnì àti òwú to ìrìn wa sí tì sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti padà sórí ògiri. Ọjọ́ mẹ́wàá pére ni ibi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi fún un, ọjọ́ mẹ́wàá náà sì ti gba gbogbo ẹrù wa.

Àwọn ohun tó ti tán, ẹ jẹ́ kí n yára kà wọ́n. Mọ́tò: Casablanca la ó ti yá a, Casablanca náà la ó dá a padà sí, torí ẹni tó bá gbà á ní ìlú kan tó lọ jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn á san owó tó ń dunni. Dirham: ibẹ̀ la ó ti ṣẹ́ ẹ, wọn kì í jẹ́ kó jáde nílẹ̀ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wakọ̀ bíi tiwa. Oṣù kọkànlá la ń lọ, kí ooru má baà sè wá. Ọ̀rọ̀ físà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí yóò fi jáde.

Máàpù fìyà jẹ mí díẹ̀. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi ní òpópónà Taiwo ní Ìlọrin níbí, kí sẹ̀ńtímítà kan dúró fún kìlómítà mẹ́wàá. Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ wo ìwé, ó wo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó rí i pé kò gbà, ló bá sún un kì láìsọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fi òwú wọn ọ̀nà lórí nǹkan tó ti súnkì. Casablanca sí Rabat ló tú àṣírí: nǹkan bí 90 kìlómítà ni, òwú mi ní kò ju 65 lọ. Mo lọ tẹ òmíràn ní abala mẹ́rin, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ kádíbọ́dù. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ tẹ irú ẹ̀, ẹ mú rúlà dání, kí ẹ wọn ín níwájú wọn kí ẹ tó sanwó.

Òwú náà ti dá ìjà sílẹ̀. Ilé aláṣọ òfì ni ilé wa, òwú kún àpótí Ìyá, mo sì ti pinnu pé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan á ní àwọ̀ tirẹ̀: funfun fún ìlú ńlá, àwọ̀ ewé fún òkè, àlàárì fún aṣálẹ̀. Àlàárì tí Ìyá ní kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà báyìí. Ìyókù sílíìkì àtijọ́ ni, pupa rẹ̀ dà bíi sobo tó ki. Rákúnmí ló ń ru irú rẹ̀ la Sàhárà kọjá dé Kánò nígbà náà, kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwa ará Ìlọrin. (Ọ̀nà Tripoli ló gbà, kì í ṣe ti Mòrókò, mo mọ̀, ẹ má bá mi jà.) Ìyá ní òun ò lè jókòó kí wọ́n máa fi píìnì kan òwú tí ìyá òun fi sílẹ̀ mọ́ ògiri. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, ó gé ìwọ̀n apá kan fún mi.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Fes.

Ẹ rántí ibi tó ti há. Mọ́ńdè la ó gúnlẹ̀ sí Casablanca, Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kejì la ó wọkọ̀ òfuurufú padà. Alfa wa, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ẹ máa lọ wo iyanrìn. Èmi, Jímọ̀ Fáásì ni mò ń bá lọ." Fáásì tó ń pè yẹn, Fes ni. Ẹni tó bá mọ Ìlọrin mọ̀ pé kò sí bí a ṣe fẹ́ bá a jiyàn. Fes ni wọ́n sin Ṣéù Ahmad Tijani tó dá Tijaniyya sílẹ̀ sí ní 1815, sáwíyà wọn, ìyẹn ilé ìjọsìn tó wà níbi sàréè náà, wà láàárín ìlú àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìrètí à ti kírun níbẹ̀ ti wà lọ́kàn Alfa kí n tó mọ ìwé kà. Ó tún fẹ́ dé mọ́sáláṣí Qarawiyyin tó ti wà láti 859. Jímọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yìí, torí náà Jímọ̀ yẹn ní láti bá wa ní Fes.

Odidi ọjọ́ Jímọ̀ náà ni mo kọ sílẹ̀ fún un. Sátidé, ká gbéra ní Fes ká dé Merzouga lẹ́bàá iyanrìn aṣálẹ̀, nǹkan bí 465 kìlómítà. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wó.

Ẹ̀bi àkọ́kọ́, tèmi ni. Mo sọ fún yín pé a máa lọ fi ọkọ̀ dánra wò kí n lè mọ bí fóònù ṣe ń parọ́ tó. A lọ lóòótọ́. A gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, a forí lé Ọ̀wà-Kájọlà níbi tí omi Òwu ti ń já látorí àpáta. Fóònù ní wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú. Wákàtí méjì àti àádọ́ta ìṣẹ́jú la lò, táyà kan ò sì bá wa délé. Mo pín in, mo rí 1.7. Inú mi dùn pé mo ti rí òṣùwọ̀n, ni mo bá fi 1.7 lu gbogbo ọ̀nà Mòrókò pátá. Fes sí Merzouga tí fóònù pè ní wákàtí méje ààbọ̀ di wákàtí mẹ́tàlá. Ẹ gbìyànjú kí ẹ to ìrìn ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí máàpù fi lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀rẹ́ Alfa kan tó ti wakọ̀ níbẹ̀ rí ló yọ mí. Ó wo ìwé mi, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ihò títì Kwara lo fẹ́ kó lọ sí Mòrókò?" Ó ní títì wọn dán, ohun tó ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn lọ́hùn-ún yàtọ̀: kọ́nà orí òkè, tírélà tí kò ṣeé ya sílẹ̀, àti ọlọ́pàá. Ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan ni wọ́n fi àyè gbà níta ìlú, 120 ní títì márosẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń wọ ìlú, 60 ni, ẹ̀rọ tó ń ka eré sì lè wà níbikíbi. Òun máa ń fi wákàtí kan lé mẹ́rin tí fóònù bá pè. Mo padà sídìí ìwé mi, mo fi 1.25 rọ́pò 1.7. Fes sí Merzouga wá di wákàtí mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Mo ní ó parí nìyẹn: ká gbéra ní aago márùn-ún ìdájí, ká dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

Kò parí. Oòrùn ni mi ò rò mọ́ ọn. Aago wọn àti tiwa kan náà ni lóṣù kọkànlá, ìyẹn ló tàn mí jẹ. Àmọ́ ìwọ̀-oòrùn wa ni wọ́n wà, wọ́n sì tún jìnnà sókè. Nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́ kedere ní ọjà Ìpàta wa, tí àwọn alápatà ti ń pín ẹran, òkùnkùn ṣì bo Fes. Oòrùn ò ní yọ títí di bí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó bá gbéra ní aago márùn-ún, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni yóò fi wakọ̀ lóru lórí òkè tí kò mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wà á, ó ní rárá. Bí a bá sì dúró dìgbà tí ilẹ̀ mọ́, tí a fi ìrun àti oúnjẹ kún un, oòrùn á ti wọ̀ kí á tó rí iyanrìn kankan. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ló ń wọ̀. Kí ni èrè ẹni tó rin ìrìn bẹ́ẹ̀ tó wá dé ẹsẹ̀ Erg Chebbi nínú òkùnkùn? Òkìtì iyanrìn tó ga tó 150 mítà, kó wà níwájú rẹ, kó o má rí i!

Mo bá tún fẹ́ yọ Tinghir kúrò nínú àwọn ìlú tí a ó sùn sí lẹ́yìn Merzouga. Lẹ́yìn náà mo fẹ́ yọ Ouarzazate. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ Alfa pé kó má bínú.

Ìyá ló tú u. Ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń ká òwú, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń gbọ́ wa. Alfa ń ṣàlàyé fún mi pé èèyàn kì í fi Jímọ̀ rìnrìn àjò. Ìyá ò gbójú sókè. Ó ní: "Ṣé kì í ṣe Súrà Jímọ̀ náà ló ní tí ẹ bá kírun tán kí ẹ túká sórí ilẹ̀? Àbí ti Fáásì yàtọ̀?"

Alfa dákẹ́. Ó họ irùngbọ̀n. "Ìyá, ẹ mú mi."

Bó ṣe di pé Jímọ̀ pín sí méjì nìyẹn. Wọ́n á kírun, aago méjì á ti kọjá díẹ̀, a ó gbéra ní aago mẹ́ta. Ìdí tí mo fi fi wákàtí kan sílẹ̀ ni pé mọ́tò kì í wọ inú Fes àtijọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ há débi pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru ẹrù, ìsàlẹ̀ àfonífojì ni sáwíyà sì wà, òkè la ó máa gùn padà síbi tí ọkọ̀ wà lẹ́nu bodè. Àárọ̀ Jímọ̀ ni báàgì á ti wọnú búùtù.

Orí Midelt ni mo kọ́kọ́ fi píìnì sí fún alẹ́ yẹn, 200 kìlómítà sí Fes. Mo ti so òwú, mo ti kọ gbólóhùn méjì nípa Midelt síbí yìí pàápàá, kí n tó ṣírò rẹ̀ dáadáa: wákàtí mẹ́rin ni, aago méje alẹ́ la ó dé, orí òkè tó ju 2,000 mítà lọ sì ni ilẹ̀ máa ṣú wa sí. Mo yọ píìnì. Azrou ló bọ́ sí i. Kò ju 80 kìlómítà lọ, a ó dé kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọ̀bọ inú igbó igi kédárì tó wà níbẹ̀ á sì pa Alfa lẹ́rìn-ín. Ní Sátidé, ó ku bíi 390 kìlómítà. Bí a bá gbéra nígbà tí ojú bá ti lè rí ọ̀nà, a ó dé Merzouga ní bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wákàtí méjì á ṣì kù fún oòrùn. Mọ́tò á dúró lẹ́bàá ìlú, nítorí ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tí a yá kì í bo ẹni tó bá kó o sínú iyanrìn. Rákúnmí ló máa gbé wa wọlé.

Ohun tí mi ò wá rárá tún bá mi nídìí ẹ̀. Sọ́ńdè la ó kúrò ní Merzouga, Rissani la ó sì kọ́kọ́ kàn. Sọ́ńdè, Túsìdeè àti Tọ́sìdeè ni ọjọ́ ọjà Rissani. Bó bá jẹ́ pé Sátidé la gbéra ní Fes tí a sì sùn lọ́nà, Mọ́ńdè la bá gba ibẹ̀ kọjá, ọjà ò bá ti tú. Ẹ̀yìn Rissani ni àwókù Sijilmasa wà, ìlú oníṣòwò tí Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ayé àtijọ́ nì, ti bá àwọn oníràkúnmí gbéra ní 1352, tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rìn kí wọ́n tó dé Taghaza níbi tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ kọ́ ilé. Ògiri amọ̀ díẹ̀ ló kù nílẹ̀. Mo fún un ní wákàtí kan, ẹ̀gbọ́n mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ó rí i. Àgbègbè yẹn náà ni Tafilalt tí a mọ̀ mọ́ dàbínù. Ìyá ti ní kí a má padà wá lọ́wọ́ òfo.

Tinghir ní alẹ́ Sọ́ńdè, kò ní wàhálà. Mọ́ńdè, Aït Benhaddou kí á tó sùn nítòsí Ouarzazate: gbogbo ìlú náà, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún ayé láti 1987. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ògiri yẹn, kí n wò ó bóyá koríko ni wọ́n pò mọ́ ọn bíi ti ilé bàbá bàbá mi.

Marrakech ló ṣì ń dùn mí. Túsìdeè la ó gba orí òkè Tichka kọjá, 2,260 mítà, ìrọ̀lẹ́ la ó wọ Marrakech, Wẹ́sìdeè a ti ń sáré lọ bá ọkọ̀ òfuurufú. Ìrọ̀lẹ́ kan fún Jemaa el-Fnaa, gbàgede ńlá wọn! Mo ní kí n yọ Rabat ti Túsìdeè àkọ́kọ́ láti fi san án, mo ti yọ píìnì rẹ̀ pàápàá, kí n tó rí i pé òmùgọ̀ ni mí. Jímọ̀ ni òpó. Ọjọ́ tí mo bá fà yọ níwájú rẹ̀ ò lè rékọjá lọ sẹ́yìn rẹ̀, Fes nìkan ni yóò jẹ ẹ́. Rabat padà sáyè rẹ̀. Bí Marrakech bá máa gba ọjọ́ kún ọjọ́, Tinghir tàbí Ouarzazate ni yóò san án, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi ò sì tíì fẹnu kò. Ẹni tó bá ti wa ọ̀nà Tinghir sí Marrakech lọ́jọ́ kan rí, kó jọ̀wọ́ sọ fún mi aago tó dé.

Àlàárì tán sí mi lọ́wọ́ ní Tinghir. Mo ti lọ béèrè. Ìyá ní kí n fi òwú ránṣọ parí rẹ̀.