Ẹyin, Faransé àti Ọ̀nà Canterbury

Ní ilé ìwé tí mo ti ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá ṣèèṣì sọ Yorùbá nínú kíláàsì, pátákó ni wọn yóò fi kọ́ ọ lọ́rùn. Yóò máa gbé e kiri títí ẹlòmíì yóò fi ṣẹ̀. Mo gbé pátákó náà débi pé mo mọ gbogbo ibi tó ti là. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn pẹ̀lú èrò pé orí ìtẹ́ ni wọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì sí, pé kò rá rí kó tó rìn.

Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbéra láti Peckham, ó di Canterbury. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Áńgílíkà pọ́ńbélé, fẹ́ fojú rí ilé Ọlọ́run tí wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Èmi ní tèmi fẹ́ gba ọ̀nà tí àwọn onírìn-àjò inú Canterbury Tales, ìwé Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, gbà, láti Southwark lọ. Ẹṣin ni àwọn gùn o. Àwa wọ bọ́ọ̀sì ní Rye Lane, níbi tí èèyàn ti lè ná pọ̀ǹmọ́, kó rà á, kó sì gba ṣéńjì láìsọ Gẹ̀ẹ́sì kan.

A kọ́kọ́ yà ní Kàtídírà Southwark, nítòsí London Bridge. Ibẹ̀ ni sàréè John Gower wà, akéwì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Chaucer, tó kú lọ́dún 1408. Wọ́n tẹ́ ère rẹ̀ gbalaja sórí sàréè náà, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláràbarà, kìnnìún sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrọ̀rí rẹ̀ ló mú mi dúró. Ìwé mẹ́ta ló fi rọrí: ọ̀kan tó kọ ní Látìn, ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, bàbá náà kò mọ èyí tí yóò tọ́jọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. "Irú wọn ló ń ra ilẹ̀ sí Ìbàdàn, tí yóò tún rà sí Mówe àti Ẹpẹ́, torí kò mọ èyí tí títì yóò gbà kọjá."

Ó sì nídìí tí kò fi mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí William ará Normandy ti gba ilẹ̀ náà lọ́dún 1066, Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin àti ní kóòtù, Látìn ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Gẹ̀ẹ́sì wà lóko àti nídìí ààrò. Títí dòní, bí màlúù bá ń jẹ̀ ní pápá, cow ni, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ti dénú àwo, ó di beef, tó ti ọ̀dọ̀ Faransé wá. Ẹni tó da ẹran àti ẹni tó jẹ ẹ́ kì í ṣe elédè kan náà.

Ilé èrò Tabard tí àwọn onírìn-àjò náà ti gbéra kò sí mọ́. A fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibẹ̀ kí a tó rí àwo àmì kan lára ògiri ní Talbot Yard, ibi tóóró kan lẹ́yìn òpópónà Borough. Oníbodè ni Chaucer, òun ló ń ṣe àkọsílẹ̀ owó orí irun àgùntàn ní èbúté London láti 1374. Ó gbọ́ Faransé dáadáa, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ létí odò yẹn ló fi kọ̀wé. Nínú ìwé náà, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ Ọlọ́run kan wà tó ń fi imú kọrin ìsìn, tó sì ń sọ Faransé tó kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ London, torí kò mọ ti Paris. Ẹ mọ irú ẹ̀ ní Èkó, ẹni tí kò kọjá Badagry rí tó ń ṣe ahọ́n bíi ti ará London.

Nínú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ka ohun kan fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ranulf Higden, mọ́ńkì kan ní Chester, ráhùn ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn pé wọ́n ń fipá mú àwọn ọmọ ilé ìwé pa èdè tiwọn tì, kí wọ́n máa fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́, tí irú rẹ̀ kò sì sí ní ilẹ̀ mìíràn. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni o! Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn náà ti gbé pátákó kọ́rùn rí.

Nígbà tí John Trevisa ń túmọ̀ ìwé Higden lọ́dún 1385, ó fi tirẹ̀ kún un pé nǹkan ti yí láti ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn ńlá, pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, débi pé Faransé tí wọ́n gbọ́ kò ju èyí tí gìgísẹ̀ òsì wọn gbọ́ lọ. Ogun tí wọ́n ń bá Faransé jà náà kò jẹ́ kí èdè ọ̀tá dùn lẹ́nu mọ́. Lọ́dún 1362 wọ́n ṣòfin pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi rojọ́ ní kóòtù, àmọ́ òfin ọ̀hún fúnra rẹ̀, Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Èyí tó wù mí jù ni ti ẹgbẹ́ àwọn apọntí ní London. Lọ́dún 1422 wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì làwọn yóò máa fi ṣàkọsílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lè kà á, tí wọn kò gbọ́ Látìn tàbí Faransé. Ọbẹ̀ tí apọntí bá ti tọ́ wò, ó ti délé gbogbo ayé.

Ọkọ̀ wọ Kent. Etí òkun àgbègbè yìí ni ìtàn tí Caxton kọ lọ́dún 1490 ti ṣẹlẹ̀. Òun ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá sí Westminster lọ́dún 1476. Ó ní oníṣòwò kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi láti ra oúnjẹ, ó bèèrè "egges" lọ́wọ́ ìyálé kan. Obìnrin náà ní òun kò gbọ́ Faransé. Inú bí ọkùnrin náà, torí òun gan-an kò gbọ́ Faransé. Àṣé "eyren" ni wọ́n ń pe ẹyin níbẹ̀.

"Eyren?" Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹyin kúkú ni! Ká ní a wà níbẹ̀, à bá ti bá wọn parí ìjà."

Ìbéèrè Caxton ni pé èwo ni kí òǹkọ̀wé kọ? Ẹ̀rọ rẹ̀ àti ti àwọn tó tẹ̀lé e ló yan "egges" fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni Bíbélì 1611, àti ọkọ̀ ogun, àti ọjà, àti ìjọba amúnisìn tó gbé e dé ilé ìwé wa.

A dé Canterbury lọ́sàn-án. Àbẹ́là kan ló ń jó níbi tí ojúbọ Becket, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí wọ́n pa nínú kàtídírà náà, tí àwọn onírìn-àjò Chaucer ń wá bẹ̀ wò, wà kí wọ́n tó wó o lọ́dún 1538. Nínú ilé ńlá yìí ni wọ́n ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ọdún 1864, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ́dún 1821, tó wá kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́dún 1843. Ẹ tún bá mi wò ó: lọ́dún 1864 yẹn, Oxford kò tíì dá ẹ̀ka tí wọ́n ti ń gboyè nínú lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ó di 1894.

A ṣì dúró nígbà tí àlùfáà kan gba gbohùngbohùn, ó ní kí kálukú ka Àdúrà Olúwa ní èdè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi di ojú, wọ́n ń ka tiwọn lọ geere. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá. Mo dé ibi oúnjẹ òòjọ́, ọ̀rọ̀ tó kàn sá mọ́ mi lẹ́nu. Kí n tó mọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń parí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi la ojú kan, wọ́n fi ìgúnpá gbún mi. "Ọrùn rẹ dà?" ni wọ́n sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Jẹ́ kí n gbé pátákó kọ́ ọ."