Gbogbo wa la ń fọwọ́ lórí ìwé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ fi ìmọ́tótó ọwọ́ ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá yín, ẹ jẹ́ kí n tètè fi ibi tí mo ti kọsẹ̀ hàn yín.

Ìwé ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ní yunifásítì. “Ṣé o máa ń fi ọṣẹ fọwọ́ tí o bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde?” Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, nígbà gbogbo. Inú mi dùn débi pé mo ti ń kọ àbájáde. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Lọ dúró nídìí ẹ̀rọ omi.”

Mo gba àṣẹ, mo lọ. (Ẹ má ṣe é láìgbàṣẹ o, ẹ má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.) Ẹnìkan jáde, ó fi ìka mẹ́ta kan omi bí ẹni ń wò ó bóyá ó gbóná, ó gbọn ọwọ́ nù, ó fi ṣòkòtò nu ìyókù. Òmíràn fọwọ́ dáadáa ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n eyín ló fi di fóònù rẹ̀ mú títí ó fi fọ̀ ọ́ tán. Fóònù yẹn kan náà ló bá a wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀! Bí ẹni méjì bá pàdé níbẹ̀, ọṣẹ a máa rí ìlò. Bó bá ku ẹnìkan, ẹsẹ̀ a máa yá.

Ìgbà tí mo padà dé ni olùkọ́ mi sọ ìtàn Ignaz Semmelweis fún mi, dókítà tó wà ní ilé ìgbẹ̀bí kan ní Vienna lọ́dún 1847. Wọ́ọ̀dù méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti ń ṣiṣẹ́ ni àwọn ìyá ti ń kú jù, ju ti àwọn agbẹ̀bí lọ fíìfíì. Yàrá tí wọ́n ti ń la òkú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn ti ń bọ̀ wá gbẹ̀bí. Ó ní kí wọ́n máa fi omi kiloríìnì fọwọ́, ikú tó tó bíi 18 nínú 100 ní oṣù kẹrin sì já wálẹ̀ sí bíi 2 ní oṣù kẹfà. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Òkú ló kà.

Èmi náà kò mọ́ tó bí mo ṣe rò. Wọ́n fi ìpara kan tó máa ń tàn lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò pa wá lọ́wọ́, wọ́n ní ká lọ fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ tọkàntọkàn. Lábẹ́ iná, àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò méjèèjì, orí ìka àti àárín ìka ń tàn yòò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo rẹ̀, láti orí rírẹ ọwọ́ dé orí nínù ún gbẹ, gba ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Ẹ má fojú kéré gbígbẹ, nítorí ọwọ́ tútù máa ń tètè kó kòkòrò àrùn ran nǹkan míì. Sànítáísà dára bí ọtí inú rẹ̀ bá tó ìdá 60 nínú 100, àmọ́ kò ran ọwọ́ tó dọ̀tí gan-an, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ká norovirus tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru.

Mo tún ìwé ìbéèrè mi kọ. Mo yọ “ṣé o máa ń” kúrò, mo fi “nígbà tí o lọ kẹ́yìn, kí lo bá nídìí ẹ̀rọ omi, kí lo sì ṣe?” rọ́pò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, “mi ò rántí” pọ̀, “mo ń kánjú” náà pọ̀. Ẹnìkan kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé: “Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí ọṣẹ ti tán níbẹ̀. Ẹ bá wa sọ fún wọn.”

Ìwé yẹn ni mo kọ́kọ́ mú lọ́wọ́ lọ bá àwọn tó ń bójú tó ilé náà, kí n tó ka ìyókù.