Mo yọ ohùn olórin kúrò lónìí

Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti orin kan tí mo ń po ohùn inú rẹ̀ pọ̀, tó fún bí èrò inú dáńfó. Ọmọkùnrin tó gbé e wá ti kó gbogbo ayé sínú rẹ̀: ohùn tirẹ̀, elégbè mẹ́rin, gìtá, dùùrù, báàsì, dùndún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó dákẹ́ gbọ́ èkejì. Nígbà tó di ọ̀sán, mo pa á, mo fi orin King Tubby sí i, ọ̀gá nínú pípo ohùn orin.

Osbourne Ruddock ni orúkọ rẹ̀ gangan. Ọdún 1941 ni wọ́n bí i ní Kingston, ní Jàmáíkà. Rédíò ló ń tún ṣe, ó sì ń ṣe amplifier, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn ròkè, fún àwọn tó ń gbé spíkà lọ síbi ijó. Nígbà tó yá ló ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn pọ̀ lọ́wọ́ Dynamic Sounds, ó gbé e sínú ilé ní Dromilly Avenue, ládùúgbò Waterhouse. Ibòmíràn làwọn onílù ti ń gba orin sílẹ̀, téèpù ni wọ́n ń gbé wá bá a. Ipa ohùn mẹ́rin péré ló wà lórí téèpù ọ̀hún!

Yíyọ niṣẹ́ tirẹ̀. Á yọ olórin kúrò, á ku báàsì àti ìlù. Ó pẹ́ díẹ̀, á dá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà, gbohùngbohùn á gbé e lọ títí á fi rá. Bọ́tìnnì ńlá kan wà lára ẹ̀rọ náà tó máa ń yí, tí á máa gé ìró ìsàlẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn á gbá àpótí reverb, èyí tó ń mú kí ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló wà, tó ní sípíríǹgì nínú, á sán bí àrá. Ẹni tó ti tú ẹ̀rọ wò rí ló láyà irú ẹ̀.

Mo rántí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ rédíò. Bí rédíò bá ń kùn, wọn kì í tètè gbé áyọ́nù tí a fi ń jó wáyà pọ̀. Wọ́n á dẹtí sí i, wọ́n á ní, "Capacitor ló ń sunkún yẹn." Ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná nínú rédíò ni capacitor. A ó tú u, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1989 ni wọ́n yìnbọn pa Tubby níwájú ilé rẹ̀, ìgbà tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo padà sídìí iṣẹ́ láago mẹ́rin. Mo yọ elégbè méjì, mo yọ dùùrù. Nígbà tó kan ẹsẹ kejì, mo yọ ohùn ọmọ náà fúnra rẹ̀, ó ku báàsì àti dùndún. Mo wá gbọ́ ọ̀rọ̀: onílù yẹn ti ń fi oríkì ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ariwo ló bò ó.

Ọmọ náà wọlé lálẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ohùn mi dà?"

"Fetí sílẹ̀ ná."

Ó tẹ orí ba. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Bàbá mi ni onílù yẹn ń kì." Ó ní kí n dá a padà sẹ́yìn, kóun tún gbọ́.