Wọ́n kàn dà á ni

Ọjọ́rú, aago mọ́kànlá alẹ́ ku díẹ̀.

Òjò láti àárọ̀. Bọ́ọ̀sì pẹ́. Mo ṣe pátákó méjìlá fún ìdánwò ní láàbù, mẹ́ta nínú wọn ní ihò, mo kó wọn dànù. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè. Ìròyìn tòní nìyẹn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kò tilẹ̀ kàn mí. Níbi tí mo ti ń po tíì ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn ọ̀dọ́mọdé ọ̀mọ̀wé wa méjì ń sọ̀rọ̀ ZEBRA, ìyẹn ìwádìí àjùmọ̀ṣe lórí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná, irú abẹ̀bẹ̀ tá a lè túnlò, tí mo ti fi yọ yín lẹ́nu níbí rí. (Rárá o, kì í ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà.) Ọ̀kan ní iléeṣẹ́ Arkema ló ṣe résìnì, ìyẹn oje tó ń le bí ike, Owens Corning ló ṣe aṣọ dígí. Èkejì béèrè pé LM Wind Power tó ṣe abẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹni àkọ́kọ́ ju ọwọ́ nù. "Àwọn yẹn? Wọ́n kàn dà á ni."

Wọ́n kàn dà á ni.

Mo gbé tíì mi, mo kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí mo dé ìdí iṣẹ́ ni mo rí i pé mi ò fi ṣúgà sí i.

Ẹnikẹ́ni kì í da résìnì abẹ̀bẹ̀, ká kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Aṣọ dígí ni wọ́n ń tẹ́ sínú mọ́ọ̀dù ní gbígbẹ, ìpele lórí ìpele, wọ́n á fi igi balsa fífúyẹ́ sáàárín, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó, wọ́n á lẹ etí ọ̀rá náà pinpin, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Òfìfo yẹn ló ń fa résìnì wọlé. Bí ọ̀rá bá ní ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Nítorí náà "dà" gan-an kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ. Àmọ́ mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí.

Mo rántí ilé. Màmá máa ń jẹ́ kí n ṣa ẹ̀wà, kí n bó o, kí n gbé e lọ sí ẹ̀rọ, kí n tilẹ̀ fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ká bu mọ́ín-mọ́ín sínú ewé, á ní kí n dìde. "Ọwọ́ ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n." Ọdún mélòó ni mo fi jókòó wo ọwọ́ rẹ̀! Bíbù sí ewé ni mo kọ́ gbẹ̀yìn.

Elium, résìnì tí Arkema ṣe yẹn, mo ti lò ó rí. Epoxy, résìnì tá a ti mọ̀ látijọ́, dà bí mọ́ín-mọ́ín tó ti jinná, o ò lè sọ ọ́ di ẹ̀wà mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sin àwọn abẹ̀bẹ̀ tó ti lo ọjọ́ wọn tán bí òkú ní Casper, ní Wyoming, ní Amẹ́ríkà. Elium fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí òrí, ooru lè dá a padà. Fẹ́rẹ̀ẹ́ ni mo wí. Òrí kàn ń yọ́ ni, èyí ní láti túká pátápátá kó tó padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń le lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ń gbóná. Lára pátákó tèmi, tí kò tóbi ju férémù fọ́tò lọ, ooru náà ń rọra jáde. Ní ìdí abẹ̀bẹ̀, níbi tó ti nípọn, kò ríbi gbà. Tó bá lé ní nǹkan bí 100°C, èyí tó ṣì wà ní omi nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ihò á kún inú rẹ̀. Ìgò kékeré inú láàbù kò lè fi ìyẹn hàn ọ́.

Abẹ̀bẹ̀ tí LM ṣe ní Ponferrada, ní Sípéènì, ní oṣù Kẹta 2022, mítà 62 ni. 62! IRT Jules Verne, ilé ìwádìí kan ní Nantes, ní ilẹ̀ Faransé, ló kó gbogbo wọn jọ ní 2020, Engie oníná wà níbẹ̀, SUEZ tó ń bójú tó ìdọ̀tí wà níbẹ̀, ilé ìwádìí CANOE wà níbẹ̀, owó ibẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 18.5 yúrò. Ó dáa. Nígbà tí gbogbo wọn dìde nínú ìpàdé, mọ́ọ̀dù ta ni wọ́n lọ lò? Ká ní ó bàjẹ́, àgbàlá ta ni òkú rẹ̀ ì bá wà? LM náà ló tún ní ilé ìdánwò ní Dẹ́ńmáàkì tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kí wọ́n lè mọ̀ bóyá yóò kú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, mítà 77.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àga àti tábìlì sì ni LM nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Lunderskov, ní Dẹ́ńmáàkì, ní 1940 o. Ohun tí lẹ́tà L àti M dúró fún nìyẹn: Lunderskov Møbelfabrik, ilé iṣẹ́ àga ti Lunderskov. Káfíńtà. Mi ò mọ ìdí tí ìyẹn fi ń dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo pe Màmá, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ṣé wọ́n sanwó fún àwọn tó dà á?" Mo ní wọ́n á ti san án, Mà. "Kí ló wá kàn ọ́?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọkùnrin yẹn náà kò sì purọ́ tán. Bí Arkema kò bá ṣe Elium, kí ni LM fẹ́ fi sínú mọ́ọ̀dù? Bí ẹni tó wà lókè kò bá kọ ìwọ̀n sínú ìwé, kí lèmi fẹ́ pò? Pátákó mi wà nínú ìwé ìwádìí wọn méjì, mo rí fọ́tò rẹ̀, ojú ibi tí mo ti fi yanrìn họ ọ́ hàn dáadáa. Orúkọ mi kò sí…

Ó dáa, a ti débẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀.

Ẹ̀wà ti wà nínú omi láti aago mẹ́jọ, mi ò mọ ẹni tó ní kí n rẹ ẹ̀wà láàárín ọ̀sẹ̀. Mo yọ ewé eéran tó kù nínú fírísà. Gbogbo rẹ̀ ló ti ya. Agolo ni màá lò.