Bí Mo Ṣe Fòfin De Máíkírówéèfù Nílé Ara Mi

Nílé wa, èmi ni wọ́n ń pè ní Ẹnjiníà. Ẹ má bi mí pé níbo ni mo ti kà á, mi ò kà á níbì kankan, mo kàn mọ bí wọ́n ṣe ń pa ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi ká ilé, kí wọ́n ka ení dé ọgbọ̀n, kí wọ́n tún un tàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ìyẹn nìkan náà sì ti tó. Fóònù há, ẹ pè mí. Pírińtà kọ̀, kò tẹ̀wé, ẹ pè mí. Orúkọ yẹn wá mọ́ mi lára débi pé mo gbàgbé pé yẹ̀yẹ́ ni ìyàwó mi kọ́kọ́ fi ń ṣe.

Oṣù tí mo sọ pé kí gbogbo fíìmù ilé wa wà lójú kan ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Mo ra háàdì dísìkì tẹ́rábáìtì 4, mo kó fíìmù, fídíò ìgbéyàwó, fídíò ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ rìn, gbogbo ẹ̀ pátá, mo kó o sí i, mo wá kì í bọ ẹ̀yìn ráútà kí tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ lè máa fà á wò látorí Wi-Fi láìsí wáyà kankan nílẹ̀, torí ìyàwó mi ò fẹ́ rí wáyà, ó ní òun ò kọ́lé fún ejò. Mo tò ó tán, mo pè wọ́n, mo ní ẹ wá wo ohun tí Ẹnjiníà ṣe. Wọ́n wá wò ó. Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, gbogbo wa ti jókòó. Màmá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, wọ́n ti wọ gíláàsì wọn, wọ́n ti fi ìrọ̀rí sẹ́yìn. Fíìmù dé ibi tó gbóná, ọkùnrin kan fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn tí gbogbo wa ti mọ̀ pé kò yẹ kó ṣí, ó nawọ́ báyìí, ó kù díẹ̀ kó kàn án, ló bá dúró. Ó dúró gbagidi. Ojú ẹ̀ kan ṣí, ìkejì pa díẹ̀, ẹnu ẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ sín, òbìrìkìtì funfun kékeré kan wá ń yí bírí-bírí lórí imú ẹ̀.

Màmá wò ó, wò ó, wọ́n ní, "Ṣé ó ṣì ń rò ó ni?"

Kí n tó fèsì ó ti ń lọ. Ìṣẹ́jú méjì, ó tún dúró. Ó lọ, ó dúró, ó lọ, ó dúró, mo pa ráútà, mo tàn án, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo tàn án, ibi tó wà náà ló wà, fíìmù wákàtí kan àbọ̀, òru la fi parí ẹ̀, nígbà tó sì máa parí kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó pa ta mọ́.

Ọjọ́ kejì mo pe àwọn tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì. Orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí ọmọbìnrin kan máa fi gbé e, mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ látorí iye tí à ń san lóṣooṣù, mo dé orí ojú tí màmá ìyàwó mi fi ń wò mí. Ó jẹ́ kí n sọ tán, ó wá rọra bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fíìmù yẹn, ṣé orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń wò ó ni, àbí inú ilé yín ló wà?"

Ẹnu mi gbẹ. Inú ilé ni. Ẹ̀yìn ráútà níbẹ̀ yẹn ni, ìṣísẹ̀ méje péré ló wà láàárín òun àti tẹlifíṣọ̀n, kò tiẹ̀ jáde síta rí. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, mo wá lọ ń bá aládùúgbò jà pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo ní kó má bínú, ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn. Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kàwé. Ṣẹ́ ẹ rí i, tẹlifíṣọ̀n wa ti dàgbà, kò gbọ́ ojú ọ̀nà Wi-Fi tó ń jẹ́ 5 GHz, ti 2.4 GHz nìkan ló ń gbọ́, ojú ọ̀nà yẹn gan-an sì ni Bluetooth ń gbà, òun náà ni máíkírówéèfù ń gbà gbé oúnjẹ gbóná, ní nǹkan bíi 2.45 GHz. Irin tí wọ́n fi bò ó yí ká kì í jẹ́ kó ṣe èèyàn ní nǹkan kan, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá yọ́ jáde ti tó láti di Wi-Fi létí. Bí mo ṣe ka ibẹ̀ yẹn báyìí, ara mi yá gágá. Máíkírówéèfù! Aago méje sí mẹ́jọ alẹ́ tí à ń wo fíìmù náà kọ́ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ gbóná?

Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sílé ìdáná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ping ráútà, ìyẹn ni pé láptọ́ọ̀pù ń pè é léraléra, mo sì ń wo bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó dáhùn, ó ń dáhùn dáadáa, mìlísẹ́kọ́ńdì mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta. Mo gbé ife omi kan sínú máíkírówéèfù, mo tàn án. Ọ̀kan dáhùn lẹ́yìn mìlísẹ́kọ́ńdì irínwó ó lé, èyí tó tẹ̀ lé e ò dáhùn rárá. Mo pa á, mẹ́ta, mẹ́ta. Mo tàn án, ó tún dàrú. Mo pariwo pé mo ti mú un! Omi inú ife ti ń hó, mi ò tiẹ̀ rí i.

Mo gbé ìwé funfun kan, mo kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn máíkírówéèfù:

A KÒ GBỌDỌ̀ TAN Ẹ̀RỌ YÌÍ LÁTI AAGO MÉJE SÍ MẸ́SÀN-ÁN ALẸ́. ÀṢẸ ẸNJINÍÀ.

Ìyàwó mi kà á, kò sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí ìyẹn ti bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo jí láàárọ̀, ó ti fi bírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: Ẹnjiníà náà ò gbọdọ̀ jẹun láti aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, máíkírówéèfù ò ṣiṣẹ́, oúnjẹ tutù nini, fíìmù sì dúró. Ìṣẹ́jú méjì, ó dúró. Òbìrìkìtì yẹn tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ̀yin ará, máíkírówéèfù jẹ̀bi o, mo fojú mi rí i, àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó jẹ̀bi ẹ̀ kọ́ la ń wá.

Mo kọjú sí Bluetooth. Màmá ní sípíkà kékeré kan tí wọ́n fi máa ń gbọ́ orin láti orí fóònù wọn, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí wọn ló máa ń wà. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa á fúngbà díẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé eléyìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí ló ń dí tọ̀hún lọ́wọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni Màmá, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, ó dà bíi kí èèyàn púpọ̀ máa sọ̀rọ̀ pọ̀ nínú yàrá kan.

"Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ṣá."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni mo bá rántí pé bí Wi-Fi ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Á kọ́kọ́ fetí sílẹ̀, tó bá gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn, ìyẹn ẹ̀ka ojú ọ̀nà tó ń gbà, á dúró, á tún gbìyànjú. Màmá tí ò ka ìwé ráútà rí! Wọ́n pa sípíkà wọn, wọ́n ká ọwọ́, wọ́n dojú kọ tẹlifíṣọ̀n. Ó dúró lójú wọn. Wọ́n rọra na ọwọ́, wọ́n tan sípíkà padà, wọn ò tiẹ̀ wo ojú mi.

Mo lọ sórí ọ̀rọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì. Mo fi áàpù kan wo Wi-Fi àwọn ará àdúgbò, gbogbo wọn pọ̀ sórí 6, ẹnì kan péré ló dá wà lórí 3, ìyẹn ló tún burú jù, torí lórí 2.4 GHz, 1, 6 àti 11 nìkan ni kì í gun ara wọn, ẹni tó bá wà lórí 3 ń dí ẹni orí 1 lọ́wọ́, ó tún ń dí ti orí 6, kò sì sinmi fún ara ẹ̀ náà. Mo gbé tiwa sí 11. Alẹ́ ọjọ́ yẹn àwọn ọmọ wo kàtúùnù látorí íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan gbáko, kò dúró lẹ́ẹ̀kan! Mo dìde, mo fọwọ́ gbá àyà, mo ní ṣé ẹ ti rí i báyìí. Lọ́la ẹ̀ a tan fíìmù tiwa, ìṣẹ́jú méjì, gbagidi. Ẹni tó bá ní ọpọlọ á ti béèrè pé kí ló fà á tí tíntánẹ́ẹ̀tì fi ń lọ tí tinú ilé ò lọ. Mi ò béèrè, àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ráútà kiri.

Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gbé e sórí àga. Mo fi okùn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Dígí ńlá tó wà lára ògiri, mo sọ ọ́ kalẹ̀ torí mo kà pé dígí máa ń dá Wi-Fi padà. Ibikíbi tí ráútà bá sì lọ, háàdì dísìkì náà ń bá a lọ, torí wáyà tó wà láàárín wọn ò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, mo tiẹ̀ máa ń fi bándéèjì rọ́bà so ó mọ́ ọn lára kó má baà já bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ibi tí mo so ó mọ́ yẹn.

Lọ́sàn-án, tí gbogbo wọn bá ti jáde, mo máa ń ṣe àyẹ̀wò. Mo ping ráútà lẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láti ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kò sí ọ̀kan tó sọnù. Ó dà bí ọmọ tí ibà ń mú lóru, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà tán, ó ń fò kiri, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún bísíkíìtì, dókítà wá ń wo ẹ̀yin bí ẹni tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án, fíìmù ń lọ, ó ń dúró, fíìmù ti sú ọmọ mi àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún méje, ó ti lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì ráútà. Ó ní, "Dádì, iná búlúù yìí ń ṣẹ́jú o."

Mo ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

"Tó bá ti ń ṣẹ́jú gan-an, fíìmù á dúró. Tó bá sinmi, fíìmù á lọ."

Mo ní kó lọ sùn. Kò lọ. Ó ń kà á fún wa láti abẹ́ tábìlì: "Ó ń ṣẹ́jú o… ó ń ṣẹ́jú… ó máa dúró báyìí." Ó dúró. "Ó ti sinmi… ó máa lọ báyìí." Ó lọ. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin tí ò tàsé, Màmá bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n ní, "Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé."

Mo dìde fùú, iná ara háàdì dísìkì ló ń ṣẹ́jú, mo fà á yọ. Fíìmù bá kú pátápátá. Màmá ní, "Ó ti wá bàjẹ́ tán." Mo gbàgbé pé inú ẹ̀ ni fíìmù wà.

Wọ́n lọ sùn, èmi ò sùn. Mo gbé láptọ́ọ̀pù sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ping: mẹ́ta, mẹ́ta. Mo kì háàdì dísìkì padà, mo ní kó máa da fíìmù ńlá kan kọ sí ibòmíì nínú ara ẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ kára, ping bá dàrú bíi ti ọjọ́ máíkírówéèfù. Mo gbé ìbéèrè lọ sórí Google, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé Intel fúnra ẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ti gbé ìwé jáde lé e lórí ní 2012: USB 3.0, irú ihò tí wọ́n ń ki wáyà háàdì dísìkì bọ̀, èyí tí inú ihò ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù, tó bá ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀ máa ń tú jáde sórí 2.4 GHz, háàdì dísìkì àti wáyà ẹ̀ ló sì ń tú u jáde, pàápàá tó bá sún mọ́ éríà tí ráútà fi ń gbọ́ràn. Tèmi ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn, mo fi rọ́bà dè é mọ́ ọn lára ni.

Bó ṣe wá ń ṣe é rèé o. Tẹlifíṣọ̀n á ní òun fẹ́ fíìmù. Háàdì dísìkì á dìde, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, á máa pariwo. Ráútà ò ní gbọ́ ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń wí mọ́. Ìwọ̀nba fíìmù tí tẹlifíṣọ̀n ti fà sílẹ̀ á tán, ó dúró. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè nǹkan kan mọ́, háàdì dísìkì á dákẹ́, á sinmi. Bó ṣe dákẹ́, Wi-Fi á là, tẹlifíṣọ̀n á tún ní òun fẹ́ fíìmù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Kàtúùnù orí íntánẹ́ẹ̀tì ò sì pe háàdì dísìkì rárá, ìdí nìyẹn tó fi lọ wẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án tí mò ń ping, kò sẹ́ni tó ń wo fíìmù, òun náà ń sùn.

Àtúnṣe ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo gé rọ́bà, mo fi wáyà tó gùn gbé háàdì dísìkì jìnnà, mo yọ ọ́ kúrò nínú ihò búlúù, mo kì í bọ ihò dúdú, USB 2.0, tó ń gbé tó 480 Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lórí ìwé, fíìmù tiwa ò sì ju nǹkan bíi 10 lọ. Mo gbé dígí padà sára ògiri. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ sípíkà Màmá.

Alẹ́ ọjọ́ kejì fíìmù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọkùnrin yẹn ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀, a sì rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, kò tiẹ̀ tó nǹkan. Inú mi dùn, ebi sì ń pa mí, mo gbé àwo mi wọ ilé ìdáná, mo na ọwọ́ láti ya ìwé yẹn kúrò lára máíkírówéèfù.

Ìyàwó mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ kà á kí n gbọ́."

Mo ka ìlà àkọ́kọ́.

"Ẹ ka èkejì."

Mo wo aago ara ògiri. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbé àwo sílẹ̀, mo fà àga kan, mo jókòó tì í.