Láti ìdí igbá fínfín dé ChatGPT

Bàbá mi àgbà ń fín igbá l'Ọ́yọ̀ọ́. Ẹ̀gbẹ́ wọn lọmọ-iṣẹ́ ń jókòó sí, tí yóò máa wo bí ọ̀bẹ ṣe ń rìn lára igbá. Tó bá ṣì í, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á jọ fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Ní 1896, St. Andrew's College bẹ̀rẹ̀ nílùú wa láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Bọ́ọ̀dù àti ṣọ́ọ̀kì gbòde.

ChatGPT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè, jáde ní November 2022. Kì í rẹ̀ ẹ́ láti tún ìṣirò ṣàlàyé, èyí sì dára fún ọmọ tójú ń tì. Àmọ́ tó bá ṣì í pàápàá, bí ẹni tó dá lójú ló ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ọmọ tó bá mú ìdáhùn wá látinú fóònù, mo ń ní kó wá ṣe é lójú mi lórí bọ́ọ̀dù, kó máa sọ ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan.