Gbì Kì Í Ṣe Gbí: Ọ̀rọ̀ Mi sí Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ ń Túmọ̀ Ìtàn Ọmọdé

Ẹ̀yin àbúrò mi, mo ti ka iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí. Yorùbá yín dán, mi ò purọ́. Àmọ́ gbogbo ibi tí ẹranko ti lanu, òyìnbó lẹ gbé síbẹ̀. Ajá inú ìtàn yín, ọmọ bíbí Ìkirè, "woof" ló ń gbó! Mo fẹ́ to ẹ̀kọ́ díẹ̀ kalẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ má baà jẹ irú ìyà tí mo jẹ.

Èkíní, kò sí igbe ẹranko tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Àkùkọ kan náà ló ń kọ níbi gbogbo, ṣùgbọ́n cocorico ni Faransé gbọ́, kikeriki ni Jámánì gbọ́, kokekokkō ni Jàpáànì gbọ́. Wan wan ni ajá ń gbó ní Jàpáànì, meong meong ní Kòríà. Ferdinand de Saussure, onímọ̀ èdè ọmọ Switzerland, mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1916: ouaoua ni Faransé fi ń sín ajá jẹ, wauwau ni Jámánì, torí pé àwọn tó ń sọ èdè ti fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Nítorí náà, "woof" kì í ṣe ohùn ajá. Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò tiẹ̀ rọrùn fún ẹnu wa, nítorí Yorùbá kì í fi "f" tàbí "k" parí ọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá kà á, "wúùfù" ni yóò pè é.

Èkejì, ẹ wo ẹranko náà fúnra rẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ tó pọ̀ jù nínú àgbàlá wa ni èyí tí ojú rẹ̀ pupa wínníwínní, tí ìran rẹ̀ wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Akọ rẹ̀ kì í pariwo rárá. Ó kàn ń mí hàà-hàà jáde lọ́nà ọ̀fun ni. "Quack" tẹ́ ẹ kọ, pẹ́pẹ́yẹ ìlú òyìnbó ló ni ín. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń sin pẹ́pẹ́yẹ á mọ̀ pé irọ́ lẹ ń pa.

Ẹ̀kẹta, Yorùbá ti fún ẹranko kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ ẹnu tirẹ̀. Àkùkọ ń kọ, ajá ń gbó, ẹṣin ń yán, ewúrẹ́ ń ké. Nígbà mìíràn, ìyẹn nìkan ti tó, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá kọ igbe náà síta. Kìnnìún ń ké ramúramù, ó wà nínú Bíbélì, mi ò sì tíì rí ẹni tó béèrè pé kí ni ramúramù.

Ẹ̀kẹrin ni àmì ohùn. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sí ìdí eléyìí dáadáa.

Àmì ohùn ló ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó. Ohun kékeré rí rógódó, ohun ńlá rí rògòdò. Omi ń kán tó, tó, tó. Àpò sìmẹ́ǹtì balẹ̀ gbì. Ẹ gbé ohùn sókè lórí gbì yẹn, ẹ ó rí i pé sìmẹ́ǹtì ti di páálí.

Iléeṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, gbé ìtàn Ìjàpá àti Erin fún mi láti kọ, kí wọ́n lè gbà á sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Ẹ mọ ìtàn náà: Ìjàpá tan Erin wọ ìlú pé wọ́n fẹ́ fi jọba, wọ́n sì ti gbẹ́ kòtò sábẹ́ àga oyè. Mo fara balẹ̀ kọ ọ́. Ìjàpá ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Erin ń bọ̀ gbì, gbì, gbì, orí rẹ̀ rí rògòdò. Erin jókòó, ẹní ya fààà, Erin já sí kòtò gbìì!

Olóòtú wọn yọ gbogbo àmì orí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kúrò. Ó ní ariwo lásán ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi, àti pé àmì ń dí ojú ìwé. Mo bá a jiyàn. Mo ní òyìnbó tó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe ní 1852, Vidal, kíyè sí i nígbà náà lọ́hùn-ún pé irú ọ̀rọ̀ báyìí ní ẹni tí kálukú wọn ń bá rìn: ga fíofío, pupa fòò, funfun báláú. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ó ga fòò. Bí àlejò bá rí i, kí ló ṣe onílé? Olóòtú rẹ́rìn-ín, ó ní mo ti kàwé jù.

Ọmọge tó ka ìtàn náà ní sitúdíò kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n gbé fún un ló kà. Ó rí "gbi", ó pè é ní gbí. Ó rí "rogodo", ó pè é ní rógódó. Wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé jọ sí gbọ̀ngàn kí wọ́n gbọ́ ọ. Erin wọlé, gbí, gbí, gbí, tòun ti orí tó rí bí ẹ̀pà. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Nígbà tí Erin já sí kòtò tó dún gbí, ọmọbìnrin kan níwájú béèrè sókè pé, "Ṣé eèrà ni?" Gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín, àwọn tíṣà náà ń rín. Ibi tó yẹ kí àánú Erin ti ṣe ọmọdé nìyẹn o.

Inú bí ẹni tó sanwó iṣẹ́. Iléeṣẹ́ náà nawọ́ sí mi: "Òun ló kọ ọ́." Iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́, tòun ti àmì lórí, wà lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó ṣí i. Ìdajì owó mi wà níbẹ̀ títí dòní. Mo sì gbọ́ pé olóòtú yẹn ti ń dá àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ báyìí lórí bí a ṣe ń kọ̀wé fọ́mọdé. Kò burú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá lẹ tún ń bá wọn sọ pé ariwo lásán ni. Ta ló sọ fún yín? Alùpùpù tẹ́ ẹ ń gùn, ibo lẹ rò pé orúkọ rẹ̀ ti wá? Kówèé tó ń ké lóru ńkọ́? Ẹ yọ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kúrò lẹ́nu ìyá àgbà tó ń pàlọ́, kí ló kù fún un láti sọ?

Láti ìgbà náà, n kì í fi ìwé nìkan ránṣẹ́ mọ́. Mo máa ń fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀, níbi tí mo ti ń ka gbogbo gbì àti tó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì fi ṣọwọ́ sí ẹni tó fẹ́ kà á, kò ní gba ọ̀dọ̀ olóòtú kọjá. Mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ àmì láì sọ fún mi. Bí wọ́n bá ní kọ̀ǹpútà àwọn kò gba àmì, ẹ fi PDF ránṣẹ́. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ gba owó yín pé kẹ́ ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.